Ìrìnàjò Àkọ́kọ́ sí Írẹ́lándì láì Háyà Mọ́tò: Bí Mo Ṣe Rí Rélùwéè àti Bọ́ọ̀sì Wọn

Láti ìgbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lọ kí àwọn ẹbí wa ní Írẹ́lándì ni àwọn ará àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń bi mí bóyá ènìyàn lè rìn ká ibẹ̀ láì háyà mọ́tò. Ó ṣeé ṣe, àní ó dára ju kí àlejò háyà lọ, bí ó bá ti lè gbà láti fi ìlú ńlá méjì tàbí mẹ́ta ṣe ibùdó, tí kò sì ní máa lé gbogbo abúlé tí ó bá rí nínú àwòrán kiri. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wa ọkọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì láti oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọ̀nà ìgbèríko wọn tún há, wọ́n sì fi igi ṣe ọgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ ibẹ̀ yóò máa wakọ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù ni.

Rélùwéè wọn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ yìn. Ọ̀fà tàbí Ìlọrin ni ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ń lọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè sọ pé ojú àìrírí ni mo fi wò ó. Síbẹ̀, iṣẹ́ Iarnród Éireann, ilé iṣẹ́ rélùwéè wọn, gún régé. Láti ibùdókọ̀ Heuston ní Dublin, olú ìlú wọn, bíi wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni ènìyàn yóò fi dé Cork, bákan náà ni Galway. Ẹni tí ó bá tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń rà á ní owó tí ó dínkù, orúkọ rẹ̀ yóò sì hàn lókè àga tí ó yàn. Àléébù tí mo rí níbẹ̀ ni pé Dublin ni ọ̀pọ̀ irin náà ti ń pínyà, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sí èyí tí ó so ìlú kan ní ìwọ̀ oòrùn mọ́ èkejì tààrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti Galway lọ sí Cork pẹ̀lú rélùwéè gbọ́dọ̀ máa sọ̀kalẹ̀ wọ òmíràn lọ́nà. Bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 51 ti Bus Éireann, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìjọba, tí ó gba Limerick kọjá, ni mo yàn láàyò, bí ó tilẹ̀ lé ní wákàtí mẹ́rin.

Bọ́ọ̀sì wọn kì í dúró kí èrò kún. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ojú wọn ti mọ́ gáréèjì Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, ò gbà á gbọ́ nígbà tí dírẹ́bà gbé ọkọ̀ tí èrò inú rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ kúrò nílẹ̀ ní agogo tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an, wọ́n sì ń wẹ̀yìn títí bí ẹni pé ẹnì kan yóò sáré tẹ̀ lé wa. Nínú ìgboro, ẹni tí ó bá dúró ní ibùdókọ̀ ní láti na ọwọ́ sí bọ́ọ̀sì kí ó tó dúró. Dírẹ́bà Dublin Bus kì í fún ènìyàn ní ṣénjì, owó ẹyọ tí ó pé géérégé ni wọ́n ń gbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba àlejò níyànjú láti ra káàdì tí wọ́n ń pè ní Leap Card ní pápákọ̀ òfurufú. Pẹ̀lú rẹ̀, yúrò 2 ni àgbàlagbà yóò fi wọ bọ́ọ̀sì, Luas (ọkọ̀ ojú irin tí ń gba ojú títì) àti DART (rélùwéè ìgboro àti etíkun) ní Dublin láàárín 90 ìṣẹ́jú. Kò sí rélùwéè tí ó dé pápákọ̀ yẹn, èyí tí ó yà mí lẹ́nu fún irú ìlú bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀ wọ ìgboro.

Ní ìgbèríko ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bọ́ọ̀sì abúlé kò pọ̀, ó tún ń dínkù lọ́jọ́ Àìkú. Síbẹ̀, bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 350 máa ń ti Galway gba Doolin dé Cliffs of Moher, níbi tí òkúta ti ga tó mítà 214 lókè Òkun Àtìláńtíìkì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bọ́ọ̀sì afẹ́ lọ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò máa kánjú lé ènìyàn padà sínú ọkọ̀, àmọ́ kí ẹ rí i dájú pé ẹ mọ agogo tí èyí tó kẹ́yìn ń kọjá. Ti Kerry yàtọ̀: rélùwéè dé Killarney, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì afẹ́ ni ó dára jù láti fi yí Ring of Kerry, ọ̀nà afẹ́ tí ó yí agbègbè náà ká, po. Ní ti erékùṣù Inis Mór, ọkọ̀ ojú omi láti Ros a' Mhíl ni à ń wọ̀, bọ́ọ̀sì sì wà tí ń kó èrò láti Galway lọ síbẹ̀; ènìyàn lè fi kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà yí erékùṣù náà ká.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún onípáspọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ Àríwá Írẹ́lándì. Ọkọ̀ ojú irin ń ti ibùdókọ̀ Connolly ní Dublin lọ sí Belfast ní nǹkan bíi wákàtí méjì, kò sì sí géètì kankan ní ààlà tí yóò dá ènìyàn dúró. Abẹ́ Ìlú Ọba ni Belfast wà, físà Írẹ́lándì kò sì dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni físà Ìlú Ọba kò ní gba ọmọ Nàìjíríà wọ Dublin. Àwọn aṣọ́bodè a máa yẹ ìwé wò nínú ọkọ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá ní físà méjèèjì pàápàá gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ti Írẹ́lándì jẹ́ èyí tí a lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní lè padà sí Dublin.

Bí ìrìnàjò yín bá bọ́ sí oṣù kejìlá, ẹ rántí pé bọ́ọ̀sì ìjọba àti rélùwéè kì í ṣiṣẹ́ rárá lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ilé ẹbí tí ẹ bá fẹ́ ti jẹun ọdún, ẹ ti gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún tó ṣú.