Brídà tó ṣí sílẹ̀ àbí èyí tó ní fílítà fún típà àtijọ́?

Brídà ni ojú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń tú èéfín inú rẹ̀ jáde. Nínú ẹ́ńjìnnì dísù tó ti pẹ́, èéfín máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìn wọ ibi tí ọ́ìlì wà. Bí kò bá ríbi jáde, á ti síìlì kíránkì (rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró sínú ẹ́ńjìnnì), ọ́ìlì á sì máa jò.

Brídà tó ṣí sílẹ̀, ìyẹn họ́ọ̀sì tó kọjú sílẹ̀ lásán, kò náni ní nǹkan kan, kò sì ní fílítà tó lè dí. Àmọ́ fún típà tó ń kó yanrìn n'Íkòròdú, ọ́ìlì tó ń bá èéfín náà jáde á lẹ̀ mọ́ rẹdíétọ̀, eruku á dì mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná.

Èyí tó ní fílítà, tó ń gba ọ́ìlì inú èéfín dúró kó lè padà sínú ẹ́ńjìnnì, la fara mọ́. Ẹ gbé e ga ju ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì lọ. Kí họ́ọ̀sì rẹ̀ má kéré sí ẹnu brídà, kó má sì tẹ̀ níbì kankan. Ẹ fi fáàfù ọlọ́nà-kan sójú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà padà. Họ́ọ̀sì omi kò dára níbẹ̀, ọ́ìlì á mú un wú. Ẹ yẹ fílítà wò nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Tó bá dí, síìlì náà ló máa jìyà.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde gan-an, ríǹgì ti jẹ. Ẹ má so họ́ọ̀sì brídà mọ́ ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ rárá: ẹ́ńjìnnì lè máa jó ọ́ìlì náà, kó máa sáré, kọ́kọ́rọ́ ò sì ní lè pa á.