Mo Fi Owó Ra Ẹrẹ̀ ní Òṣogbo, Láàárín Òjò

Aago 11 alẹ́ ni mo jókòó láti kọ èyí, inú sì ń bí mi gan-an. Ẹrẹ̀ inú ìgò tí mo tẹ́ sábẹ́ Land Rover kékeré tí mo fi ọwọ́ tò, láàárọ̀ àná, ti lanu. Kì í ṣe kékeré o. Bí aláǹgbá bá gba ibẹ̀ kọjá, á rò pé ilé òun ni. Ọ̀la ló sì yẹ kí n gbé e fún Bàbá mi, àwọn tí wọ́n fi ojúlówó irú ọkọ̀ yìí ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọdún 21, tí kò sí ọ̀nà oko kan ní àyíká Òṣogbo tí wọn ò mọ kòtò inú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń to ọkọ̀ 1/35 (sẹ̀ǹtímítà 1 lára rẹ̀ dúró fún 35 lára ọkọ̀ gidi) ti mọ ohun tó wà nínú ìgò náà: ẹrẹ̀ pípò tí a ń tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ kó lè dà bí ọ̀nà gidi. 14,500 náírà ni mo rà á, 2,000 fún dẹ́rẹ́bà tó gbé e láti Èkó wá sí Old Garage. Nígbà tí màmá mi gbọ́ iye yẹn, wọ́n rọra jókòó. “O ra kí ni?” Wọ́n nawọ́ síta, níbi tí òjò ti sọ ẹnu ọ̀nà wa ní Òkè-Baálẹ̀ di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. “Èyí ńkọ́? Ta ni èmi náà máa tà á fún?”

Ká má parọ́, ó kọ́kọ́ wù mí. Ó ki bí àmàlà tí omi rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, èérún koríko wà nínú rẹ̀. Mo ti táyà gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilà ojú táyà hàn ketekete, etí ẹrẹ̀ sì wú sókè lọ́tùn-ún lósì, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń rí lọ́nà oko. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀! Ẹrẹ̀ òyìnbó ni, dúdú tó dà bí eérú, irú èyí tí tánkì ogun ń rì sí ní Rọ́ṣíà. Ilẹ̀ tiwa pupa. Mo ti mọ ohun tí Bàbá máa sọ.

Mo dá ìkọ̀wé yìí dúró níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọbìnrin kan ló gbé e. “Ẹ káàárọ̀, sà.” Mi ò tiẹ̀ dáhùn ìkíni, ariwo ni mo bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ kí n pa á tán.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe tẹ́ ẹ nípọn tó?”

Mo ní ó tó ìka kan.

“Ìka yín ni, àbí ti ọmọdé?”

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Ó ní bó bá ti ń gbẹ lomi ń kúrò nínú rẹ̀, tí ẹrẹ̀ á sún kì. Tí òkè bá gbẹ ṣáájú inú, kò sí bí kò ṣe ní lanu. Mìlímítà 2 péré, ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ká tó tẹ́ òmíràn lé e. Ibi tó bá ga, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n ni ká kọ́kọ́ gbẹ́ síbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sára ìgò? Ó ní wọ́n kọ ọ́. Mo yí ìgò po. Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́, lẹ́tà rẹ̀ ò tó ẹsẹ̀ èèrà.

Mo wá dórí àwọ̀. “Ibo lẹ wà, sà?” Òṣogbo. “Òṣogbo! Ilẹ̀ pupa wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ wá ń bá mi jà?”

Ohun tí màmá mi sọ náà nìyẹn, àmọ́ tọ̀hún fi bí a ṣe ń ṣe é kún un.

Mo bu ilẹ̀ pupa, mo yan án nínú agbada kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, mo fi asẹ́ ògì jọ̀ ọ́. (Màmá mi ṣì ń wá asẹ́ wọn.) Ẹ má fo jíjọ̀ yẹn o: òkúta mìlímítà 1 péré, bó bá wà lórí pátákó tí a to ọkọ̀ 1/35 lé, òkúta sẹ̀ǹtímítà 3.5 ni lójú títì. Mo pò ó mọ́ ẹrẹ̀ ìgò àti gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà. Gọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣú, nítorí náà mo wọ́n ìyẹ̀fun ilẹ̀ gbígbẹ sórí rẹ̀ kó tó gbẹ. Inú ipa táyà nìkan ni mo fi fáníìṣì dídán sí, kó dà bí ibi tí omi dúró sí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Bàbá gbé e síbi iná, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìka kan ẹrẹ̀ náà, wọ́n wo ìka wọn bóyá ó rin. Inú mi ti ń dùn. Ni wọ́n bá yí gbogbo rẹ̀ dojú dé.

“Ọkọ̀ tó ti inú ẹrẹ̀ yìí jáde, ta ló bá a fọ abẹ́ rẹ̀?”

Máàkì tí mo fún ẹrẹ̀ ìgò náà: 2 nínú 5. Síbẹ̀, mo ti fi owó ìgò méjì míì ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin yẹn láàárọ̀ yìí.