Ọjà Òdòdó New Covent Garden ní London: Níbi tí Òdòdó ti Ní Orúkọ

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ọjà òdòdó kì í ṣe ẹwà ohun tó wà lórí àtẹ, nítorí kò sí ọjà òdòdó tí kì í fani mọ́ra ní ìdájí. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ẹni tó ń tajà lè sọ orúkọ ohun tó ń tà fún mi, orúkọ tí mo lè kọ sínú ìwé, kí n sì fi béèrè ọjà kan náà nígbà mìíràn láìsí àríyànjiyàn. Bí a bá fi èyí díwọ̀n, ọjà òdòdó New Covent Garden, tó wà ní Nine Elms ní gúúsù odò Thames, ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí fún ọmọ Yorùbá tó bá ń fi òdòdó ṣe ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí ìkómọjáde ní ìlú London.

Àárín ìlú, ní Covent Garden, ni ọjà yìí wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Nine Elms ní ọdún 1974. Ilé tí wọ́n ti ń ta òdòdó nígbà náà ni London Transport Museum wà lónìí. Ní ọdún 2017, àwọn olódòdó tún kó lọ sí ilé mìíràn ní Nine Elms kan náà. Ìdì-ìdì ni wọ́n ń ta òdòdó níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù náà lè wọlé rà. Kí ẹ rántí pé iye tí wọ́n bá pè kò tíì ní owó orí VAT nínú, èyí tó jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kí owó má baà wọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó.

Púpọ̀ nínú òdòdó ọjà náà ló gba orílẹ̀-èdè Netherlands wá, yálà ibẹ̀ ni wọ́n ti gbìn ín ni, tàbí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e wá síbẹ̀ láti Kenya, Ethiopia tàbí Ecuador kí ó tó kọjá nínú ọjà gbàǹjo ńlá tó wà ní Aalsmeer. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá gba ọ̀nà gbàǹjo yìí máa ń ní ìwé pélébé lára, a sì máa rí orúkọ òdòdó náà àti ti ẹ̀yà rẹ̀ níbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀yà náà mọ̀, ẹni tó gbìn ín, bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe gùn tó, bí ó ṣe tanná dé, àti iye tó wà nínú ìdì. Ìwé yìí ni mo máa ń kà kí n tó wo òdòdó rárá. Ẹni tó bá ti ṣe ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó Yorùbá rí yóò mọ ìdí rẹ̀, nítorí ìyàwó yóò gbé aṣọ ẹbí wá, yóò sì fẹ́ kí òdòdó bá àwọ̀ rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Róòsì tí wọ́n ń pè ní Avalanche funfun. Sweet Avalanche ní àwọ̀ píńkì fẹ́ẹ́rẹ́. Peach Avalanche sì dà bí ara èso písì. Ẹni tó bá béèrè Avalanche láìfi orúkọ ìṣáájú kún un, funfun ni yóò gbé délé, kò sì ní lẹ́jọ́ bá olùtajà.

Orúkọ náà kì í sì í tó nígbà mìíràn. Dahlia tí wọ́n ń pè ní 'Café au Lait' lè ní àwọ̀ wàrà, ó sì lè pọ́n díẹ̀ bíi píńkì, àní lórí igi kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe bá ìyàwó ṣe àdéhùn àwọ̀ lórí dahlia yìí. Ẹ wá fojú ara yín rí i lọ́jà ní àkókò rẹ̀, láti ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn títí dé ìbẹ̀rẹ̀ òtútù.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí òdòdó kan fi ń ní ju orúkọ kan lọ. Linnaeus, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ló fìdí àṣà fífi ọ̀rọ̀ méjì ní èdè Látìn pe irúgbìn múlẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1753, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fún ìran irúgbìn náà (genus), ìkejì fún irú náà gan-an (species). Ẹ̀yà tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú jáde ní oko ní òfin ìsọlórúkọ tirẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1953. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ọjà wá dé. Róòsì kan tí ilé iṣẹ́ David Austin mú jáde, tí gbogbo ìyàwó mọ̀ sí Juliet, ń jẹ́ 'Ausjameson' nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀yà. Àwọn Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọjà ni àwọn tó ń mú òdòdó tuntun jáde ń wò, n kò sì bá wọn wí, nítorí kò sí ìyàwó tí yóò béèrè 'Ausjameson'. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì. Bákan náà ni òdòdó tí àwọn olùtajà ń pè ní Lisianthus, tó sì jẹ́ pé Eustoma ni wọ́n máa ń kọ sára bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ lílì ni mo ti ń rí i pé ìmọ̀ orúkọ kì í ṣe fáàrí. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ, lílì ni wọ́n kọ sára Alstroemeria, sára Zantedeschia, sára Gloriosa tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó ilẹ̀ wa, àti sára Lilium tó jẹ́ lílì gidi. Lilium lè pa kíndìnrín ológbò láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ẹranko náà bá tilẹ̀ lá ìyẹ̀fun rẹ̀ lásán tàbí omi inú ìkòkò òdòdó. Alstroemeria kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Zantedeschia máa ń ta ẹnu ológbò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn kan náà. Gloriosa ní tirẹ̀ ní májèlé tó lè pa ènìyàn bí ó bá jẹ ẹ́. Oníbàárà tó ní ológbò nílé kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ṣe ìpinnu. Ní Nine Elms, mo béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn olùtajà, wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mi láìṣiyèméjì. Irú olùtajà bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a máa náwó lé lọ́wọ́.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni ewé, kì í sì í ṣe ti ọjà yìí nìkan. Gbogbo òwò òdòdó ló ní àìsàn náà. Silver dollar ni wọ́n ń pe Eucalyptus cinerea, òun náà ni wọ́n ń pe Eucalyptus polyanthemos. Ohun tí wọ́n ń tà ní soft ruscus sábà máa ń jẹ́ Danae racemosa, tí kì í ṣe Ruscus rárá. Èyí tó ká mi lára jù ni Ammi majus, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń tà pẹ̀lú orúkọ Queen Anne's lace, tó sì jẹ́ pé Daucus carota, kárọ́ọ̀tì inú igbó, ló ni orúkọ náà. Oje Ammi lè mú kí ara lé ròrò bí oòrùn bá kàn án lẹ́yìn tó ti kan awọ ara, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó ń gé e wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ béèrè orúkọ Látìn ewé kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé ìsanwó yín.

Ọjà máa ń ṣí láti aago mẹ́rin ìdájí títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Fún ayẹyẹ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àárọ̀ ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ lọ, nítorí róòsì gbọ́dọ̀ mu omi dáadáa kí ó tó ṣí.