Mọ́dù SFP+ àti kébù DAC tí mo rà: ìràwọ̀ méjì ni mo kọ́kọ́ fún wọn

Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́ o, ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi padà wá tún àgbéyẹ̀wò mi kọ.

Swíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) ni mo fẹ́ so pọ̀ ní 10G, ìyẹn gígábíìtì mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí n sì so sáfà kan mọ́ ọn. SFP+ ni irú ihò 10G tó wà lára wọn, mọ́dù ni ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ kí kébù tó lè wọlé. Mo wá ra mọ́dù SR méjì (èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ fún ọ̀nà tí kò jìn), kébù fáíbà oníìmọ́lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní OM3, tí orí rẹ̀ jẹ́ irú LC, kébù DAC mítà 2 (kébù bàbà tí mọ́dù ti wà lórí rẹ̀), àti mọ́dù kan tó ń gba kébù RJ45, ìyẹn kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán.

DAC yẹn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ jù. Orí rẹ̀ méjèèjì ti wà lára kébù, mo tì í wọlé, ó ró "ká", iná tàn, ó parí. Bàbà ni, kì í gbóná, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná mànàmáná. Kò kàn lè rìn jìnnà ni, mítà 7 ti fẹ́ẹ̀ tó ibi tó lè dé, ó sì gan bí igi, kò ṣeé ká mọ́ kọ̀rọ̀.

Fáíbà ni ojú mi ti rí màbo. Mo ki mọ́dù bọ swíìṣì àkọ́kọ́, swíìṣì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, ó bá ti pọ́ọ̀tù pa. Mọ́dù ò bàjẹ́ o, chip kékeré kan ló wà nínú ẹ̀ tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà níbẹ̀, swíìṣì míì ò sì fẹ́ rí orúkọ ẹlòmíì (ìlara lásán ni mo pè é). Mo fi àṣẹ kan sínú settings, ó gbà á. Síbẹ̀ òkùnkùn biribiri! Mo ti ń kọ ẹ̀sùn sí ẹni tó tà á fún mi kí n tó rí i pé TX (ojú tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́) ni mo kọjú ẹ̀ sí TX, dípò RX tó ń gbà á, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Mo yọ ike tó so orí LC méjèèjì pọ̀, mo pààrọ̀ àyè wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, iná tàn wàì.

Ó di ọjọ́ kejì, CRC error (àmì pé dátà ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà) ń pọ̀ bí eèrà. Mo wo DOM, ibi tí mọ́dù ti ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe lágbára tó: RX ẹ̀gbẹ́ kan wà ní -3 dBm (ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀), èkejì -10, bẹ́ẹ̀ -9.9 ni ìsàlẹ̀ tí SR gbà. Ìka mi ló ti kan ẹnu fáíbà nígbà tí mò ń yí i! Mo fi ohun ìnufáíbà tó dà bíi báírò nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó padà sí -3. Ẹ má yọ ìdérí rọ́bà yẹn sílẹ̀ o, ẹ má sì yọjú wo inú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ 850 nm yẹn, ojú kì í rí i.

Mọ́dù RJ45 ni mi ò lè gbè. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó gbóná débi pé mi ò lè fi ìka lé e tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, mítà 30 péré ni wọ́n sì ní kó lọ. Mo fi pọ́ọ̀tù kan sílẹ̀ lófìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó lè mí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn báyìí, tìtorí mọ́dù RJ45 yẹn ni mo ṣe yọ ọ̀kan.