Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Abẹ Eyín Ọgbọ́n ní Ilé Ìtọ́jú Eyín Kan ní Súrùlérè

Ilé ìtọ́jú eyín aládàáni kan ní Súrùlérè, ní ìhà Ojúẹlẹ́gba, ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi láti yọ eyín ọgbọ́n ìsàlẹ̀ (eyín ẹ̀yìn pátápátá tí ó máa ń yọ kẹ́yìn) tí ó dùbúlẹ̀ sínú egungun. Mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo mọ̀ ní Mùṣín ni ó ń fi oògùn apàrora ti ìrora eyín síwájú fún oṣù gbọọrọ. Kì í ṣe owó nìkan ni ó ń dá wọn dúró. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí ojú wọn yóò rí fún wọn. Èrò mi nípa ilé ìtọ́jú yìí ni pé wọ́n mọ iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì mọ bí a ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún aláìsàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e kò kún tó.

Eyín ọgbọ́n sábà máa ń yọ láàárín ọmọ ọdún 17 sí 25. Bí àyè kò bá sí fún un, ó lè dùbúlẹ̀ kí ó sì máa ti eyín iwájú rẹ̀, oúnjẹ a máa há sábẹ́ ẹran tí ó bò ó, ibẹ̀ a wú, ẹnu a sì ṣòroó là. Ohun tí ó ń ṣe mí nìyẹn. Dókítà kò kánjú mú abẹ. Ó ní kí wọ́n ya fọ́tò X-ray tí ó ń fi gbogbo àgbọ̀n hàn, ó sì fi ibi tí iṣan ìmọ̀lára ètè gbà kọjá lábẹ́ gbòǹgbò eyín náà hàn mí. Ó sọ fún mi pé bí iṣan yẹn bá fara pa, ètè tàbí àgbọ̀n ènìyàn lè kú tipiri fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, àti pé ìgbà díẹ̀ gan-an ni kì í padà bọ̀ sípò. Mo fẹ́ràn pé kí n tó fọwọ́ sí ìwé ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n sì béèrè nípa ìtọ̀ ṣúgà, fòníkú-fọ̀ladìde, oyún, àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ilé ìtọ́jú kan kò bá béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ yín, ẹ fúnra yín sọ ọ́.

Abẹ́rẹ́ ni ó kọ́kọ́ wọlé. Ó ta mí díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ètè ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi kú. Dókítà fi irin tẹ ibẹ̀ wò kí ó tó gé ohunkóhun, ó ní, “Mà, ẹ ó máa mọ̀ pé à ń tẹ̀ ẹ́, à ń tì í, ṣùgbọ́n bí ó bá dùn yín, ẹ na ọwọ́ òsì sókè, a ó dúró.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà ń dí ìrora lọ́nà, kì í mú kí ènìyàn má mọ títẹ̀. Wọ́n la ẹran ìdí eyín, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ó ń tú omi gé egungun díẹ̀ kúrò (omi náà ni kì í jẹ́ kí egungun gbóná jù), wọ́n wá pín eyín náà kí wọ́n lè yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ yẹn, tí ó ń dún láti inú orí ẹni, ni ó le jù fún mi. Iná NEPA lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inverter wọn ti gbé e kí ọwọ́ dókítà tó dúró. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́, wọ́n sì fún mi ní òwú láti fi eyín dì mú.

Ìtọ́jú tí ó kù di ti aláìsàn fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rí ìṣòro. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ má fi omi yọ ẹnu, ẹ má tutọ́ tagbáratagbára, ẹ má fi straw mu nǹkan, ẹ má sì mu sìgá, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú ihò eyín ni ó bo egungun mọ́lẹ̀. Bí ó bá ṣí kúrò, ìrora kan tí ó máa ń dé etí lè bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n fọ ihò náà kí wọ́n sì fi oògùn sí i. Lẹ́yìn wákàtí 24 ni omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wúlò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò máa wú sí i títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ má bẹ̀rù. Ògì tí ó ti tutù àti mọ́ínmọ́ín tí kò ta ni mo jẹ. Pákò kò gbọ́dọ̀ kan ojú ọgbẹ́. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ oògùn apàrora ibuprofen fún un, ẹni tí wọ́n bá sì fún ní Flagyl, oògùn tí ó ń pa kòkòrò àrùn, kò gbọ́dọ̀ mu ọtí.

Ẹ̀sùn mi ni pé orí ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ní lẹ́tà tíntìntín, ni wọ́n kọ gbogbo ìmọ̀ràn wọ̀nyí sí. Ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n yọ eyín fún jókòó tì mí, nọ́ọ̀sì na ìwé náà sí i, ó sì yára kọjá. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ní, “Ọmọ mi, mo ti fẹ́ lọ yọ ẹnu báyìí.” Dókítà tí ó fi Yorùbá tí ó já gaara bá wa sọ̀rọ̀ nínú yàrá lè ní kí wọ́n tẹ ìwé Yorùbá. Bákan náà, nọ́ńbà tí wọ́n fún mi fún pàjáwìrì kò sí ẹni tí ó gbé e ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Ilé ìtọ́jú yìí tún ń fi irin titanium sí egungun láti gbé eyín àtọwọ́dá dúró, èyí tí ó sábà máa ń gba oṣù 3 sí 6 kí egungun tó gbà á mọ́ra. Ní ti àgbọ̀n tí ó ṣẹ́ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, tàbí kókó nínú egungun, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, níbi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n wà.

Màá padà síbẹ̀ bí ti apá kejì bá dé. Kí ẹ dá ọjọ́ Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè, ní òwúrọ̀, kí ilé ìtọ́jú ṣì wà ní ṣíṣí bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sì mú ẹnì kan dání tí yóò bá yín sọ̀rọ̀ fún awakọ̀, nítorí pé òwú wà lẹ́nu yín.