Tuntun àbí Tòkunbọ̀: Láptọ̀ọ̀pù Wo Ló Máa Gba Ẹ̀rọ Ọwọ́ Yín Àtijọ́ Mọ́ra?

Ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé láptọ̀ọ̀pù tuntun tí kò tíì bó ọ̀rá ojú rẹ̀ há abíyá, ó mú Trimble Juno SB, ẹ̀rọ GPS ọwọ́ àtijọ́ kan, dání. Sọ̀fẹ́yọ̀ ni. Ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Alábàtà ló lọ wọ̀n láàárọ̀, gbogbo ojú bíkìn tó gbà wà nínú Juno, kò sì rí i kó jáde. Bó bá ti fi wáyà so wọ́n pọ̀, láptọ̀ọ̀pù á dún "dìn-dín" bí ẹni pé ó rí àlejò lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ kò ní ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àbí gbàrọ̀gùdù ni wọ́n tà fún mi?"

Wọn ò ta gbàrọ̀gùdù fún un. Láptọ̀ọ̀pù náà pójú owó. Juno ló ti dàgbà. Windows Mobile, ìyẹn Windows tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ọwọ́, ló wà nínú rẹ̀, Windows 11 ló wà nínú láptọ̀ọ̀pù. Microsoft kan náà ló bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò rán ògbufọ̀ sí àárín wọn mọ́.

Irú wọn pọ̀ tó ń wá bá mi: sọ̀fẹ́yọ̀, olùwádìí láti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìlú wa, tí GPS ọwọ́ rẹ̀ ti pẹ́, oníṣọ́ọ̀bù tó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka báákóòdù ní tòkunbọ̀. Gbogbo wọn ló ti múra tán láti náwó, ohun tí wọ́n máa rà ni kò yé wọn. Àwọn ni mo kọ èyí fún. Owó ọjà kọ̀ǹpútà ń yí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ ò ní rí iye kankan níbí. Mo kàn máa sọ èyí tó wọ́n ju èkejì lọ.

Káàdì tínńtín lè gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó

Ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀rọ náà síwá sẹ́yìn. Ṣé ojú ihò káàdì wà lára rẹ̀? Juno SB ní ti microSD. Garmin GPSMAP 76CSx náà ní in, abẹ́ bátìrì ló fi pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú HP iPAQ, kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ àtijọ́, ń lo SD ńlá. Bí ihò káàdì bá wà, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò láptọ̀ọ̀pù mìíràn rárá.

Ohun tí a ṣe fún sọ̀fẹ́yọ̀ yẹn nìyí. A ṣí File Explorer lórí Juno fúnra rẹ̀, a wá fódà iṣẹ́ rẹ̀, a fi pẹ́ẹ̀nì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí àwọn ọ̀rọ̀ kan fi yọ, a mú Copy, a lọ sí Storage Card, a mú Paste. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. A yọ káàdì, a fi í sínú ohun tí a fi ń ka káàdì, gbogbo rẹ̀ yọ lójú Windows 11 bíi ti fláàṣì lásán. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á, kó tó rántí iye tó ná sórí láptọ̀ọ̀pù.

Ẹ ṣọ́ra nídìí ríra káàdì o. Ọmọ tó ń tajà máa fẹ́ kì yín ní 64GB, á ní kò sí kékeré mọ́. Irú káàdì SD àkọ́kọ́ kò ju 2GB lọ. SDHC tó dé ní 2006 lọ títí dé 32GB. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, SDXC ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ṣáájú 2006 kò mọ SDHC rí, bí ẹ bá fi í sínú rẹ̀, á ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 2GB, kódà kó jẹ́ inú fóònù àtijọ́ kan nílé lẹ ti yọ ọ́, ẹ mú un. Ó wúlò fún ẹ̀rọ yìí ju 64GB tuntun lọ.

Ní ti Garmin eTrex 10, 20 àti 30 tó jáde ní 2011, ọ̀rọ̀ wọn kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn fi wáyà sí i, á jáde bíi fláàṣì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta láptọ̀ọ̀pù kejì fún yín nítorí rẹ̀.

Bí kò bá sí káàdì: láptọ̀ọ̀pù mẹ́ta lórí tábìlì kan

Àwọn tí nǹkan inú ẹ̀rọ wọn kò ní ọ̀nà mìíràn ju wáyà USB lọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Láyé Windows XP, sọ́fítíwíà tó ń bá Windows Mobile sọ̀rọ̀ ni ActiveSync, 4.5 sì ni ìkẹyìn rẹ̀. Láti Vista wá, Windows Mobile Device Center, ìyẹn WMDC, ló gba ipò rẹ̀, ó sì dúró sórí 6.1. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún Windows 10 tàbí 11. Tí ẹ bá rí i lórí wọn, ẹnì kan ló fi ọgbọ́n dá a síbẹ̀.

| | Windows 7, 32-bit, tòkunbọ̀ | Windows 10, 64-bit | Windows 11, tuntun |
|---|---|---|---|
| Ẹ̀rọ Windows Mobile | Ó gbà á láìjanpata | Ó gbà á bí ẹ bá tún inú rẹ̀ ṣe | Ó lè gbà á, àmọ́ ẹ máa ṣọ́ ọ |
| Sọ́fítíwíà 16-bit ayé àtijọ́ | Ó ń ṣiṣẹ́ | Kò ṣiṣẹ́ | Kò ṣiṣẹ́ |
| Owó | Kékeré jù | Àárín | Ó wọ́n jù |
| Báńkì àti ìméèlì lórí rẹ̀ | Ẹ má dán an wò | Ẹ fi mọ níwọ̀n | Kò séwu |

Windows 10 ló yà mí lẹ́nu jù. Mo ní méjì lórí tábìlì, àti ọ̀kan tó ní RAM 2GB àti èyí tó ní 8GB, Windows kan náà ló wà lórí wọn, WMDC kan náà ni mo sì fi sí wọn. Èyí tí mo ti ń pè ní àgbàlagbà, tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ló gba ẹ̀rọ ọwọ́ náà wọlé. Èyí tó lágbára tan WMDC fún ìṣẹ́jú kan, ó sì tún pa á. Mo fi alẹ́ kan gbáko wá ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí Windows 10 version 1703 ti dé ní oṣù Kẹrin 2017, kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ bá ju 3.5GB lọ a máa pín àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ rẹ̀ sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Inú yàrá kan náà ni àwọn iṣẹ́ méjì tí WMDC gbójú lé ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n yà wọ́n, wọn kò rí ara wọn mọ́. Ìdí nìyí tí 2GB fi yege tí 8GB sì kùnà.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ sọ fún Windows pé kó dá àwọn méjì yẹn, RapiMgr àti WcesComm, padà sínú yàrá kan. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ tẹ èyí:

`reg add HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Services\RapiMgr /v SvcHostSplitDisable /t REG_DWORD /d 1 /f`

Lẹ́yìn náà, ẹ tún un tẹ̀, kí ẹ sì fi `WcesComm` rọ́pò `RapiMgr`. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì mú: orúkọ fáìlì WMDC fún kọ̀ǹpútà 64-bit ni drvupdate-amd64.exe. Bí ti yín bá jẹ́ Intel, ẹ má rò pé kì í ṣe ti yín. Òun náà ni.

Bí ó bá ṣì ń ṣe agídí, orí ẹ̀rọ ọwọ́ ni kí ẹ lọ. Nínú Settings, Connections, ẹ wá USB to PC, kí ẹ yọ àmì tó wà níwájú "Enable advanced network functionality". Mélòó ni mo ti fi ohun kékeré yìí yanjú lọ́jọ́ tí oníbàárà ti fẹ́ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sọnù!

Lórí Windows 11, àtúnṣe kan náà ni mo ń lò. Ṣùgbọ́n ètò ààbò rẹ̀ tó ń jẹ́ Memory integrity lè ní òun kò gba dráífà àtijọ́ kan (dráífà ni sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀), ẹ sì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn gbogbo àpdéètì ńlá. Ẹni tó fẹ́ fi jẹun lójoojúmọ́ kò lè máa bá a ṣe eré bójúbójú.

Àwọn láptọ̀ọ̀pù tuntun tó ń lo chip Snapdragon dípò Intel tàbí AMD wá ńkọ́? Wọ́n fúyẹ́, bátìrì wọn kì í tètè kú, ó sì wù mí lọ́jọ́ tí iná bá lọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ má rà wọ́n fún iṣẹ́ yìí. Dráífà tí wọ́n kọ fún Intel àti AMD kò wọ inú wọn, kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí i.

Ní ti tòkunbọ̀ Windows 7, bí ẹ bá dé ọjà, ẹ béèrè Professional, ẹ fi Home sílẹ̀. Professional ní Windows XP Mode, ìyẹn XP odidi kan tí Microsoft gbà kí ẹ máa tàn nínú Windows 7 láìsan owó mìíràn. Sọ́fítíwíà tó bá kọ Windows 7 lè gba ibẹ̀ yọ. Ẹ wo bátìrì rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè dá dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tó sì ń lọ sóko kò rí ihò iná fi bọ̀ ọ́. Àtìlẹ́yìn Microsoft fún XP parí ní oṣù Kẹrin 2014, ti Windows 7 ní oṣù Kìíní 2020, ti Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Èmi kì í jẹ́ kí Windows 7 ti ṣọ́ọ̀bù mi fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì. Fláàṣì ni mo fi ń gbé fáìlì láti inú rẹ̀ lọ sí èkejì.

XP nínú Windows 11

Àwọn kan máa ní kí ẹ má ra tòkunbọ̀, pé kí ẹ fi VirtualBox, sọ́fítíwíà tó ń tan kọ̀ǹpútà kan nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, tan XP nínú láptọ̀ọ̀pù tuntun yín. Òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe. Láti VirtualBox 7.0, USB 2 àti 3 ti wà nínú rẹ̀ láìfi nǹkan mìíràn kún un. Ẹ nílò RAM 8GB ó kéré tán, àti XP tí ẹ ní àṣẹ láti lò.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹ̀rọ ọwọ́ a máa já, a sì tún so padà nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá ti já, Windows 11 á gbà á lọ́wọ́ XP. Nínú USB Filter ti VirtualBox, ẹ fi Vendor ID, ìyẹn nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, nìkan sílẹ̀, kí ẹ pa gbogbo ìyókù rẹ́. Nígbà náà, XP ni yóò máa gbà á nígbàkigbà tó bá padà wá. Ẹni tó ní ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà nílé lè ṣe èyí, kò sì ní ná an ní kọ́bọ̀. Ẹni tí kò ní, owó tí á máa san fún irú èmi á ju ti tòkunbọ̀ lọ.

Wáyà sérìà: ibi tí owó ti ń bọ́ sómi

Garmin eTrex aláwọ̀ yẹ́lò, tó ti pẹ́ jù nínú wọn, kò mọ USB. Wáyà rẹ̀ ń wọ ihò pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ rọ́bà, ẹnu kejì sì ní ihò mẹ́sàn-án. Láptọ̀ọ̀pù òní kò ní ibi tí yóò gbà á, nítorí náà ẹ máa ra wáyà tó ń yí sérìà padà sí USB.

Méjì ni mo fi wéra. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, tó sì dín owó, chip PL2303 ló wà nínú rẹ̀. Bí PL2303 náà bá jẹ́ ti àtijọ́, dráífà tuntun rẹ̀ á kọ̀ ọ́, ẹ ó sì ka èyí nínú Device Manager: "PL2303HXA PHASED OUT SINCE 2012. PLEASE CONTACT YOUR SUPPLIER." Ta ni ẹ fẹ́ lọ bá? Ẹni tó tà á fún yín ti gbàgbé ojú yín. Èkejì ni èyí tó ní chip FTDI. Ó wọ́n jù ú lọ, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ra tèmi, n kò tíì pààrọ̀ rẹ̀. FTDI ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú rẹ̀.

Lórí eTrex, ẹ lọ sí Setup, Interface, kí ẹ mú GARMIN, kì í ṣe NMEA. Sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ GPSBabel á kó ohun inú rẹ̀ jáde, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 11.

Ẹni tó ní Palm

Kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ àtijọ́ ni Palm. Wọn ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bàbá kan ní Ìbarà ṣì ní gbogbo nọ́ńbà ìjọ rẹ̀ nínú ti ẹ̀. Palm Desktop, sọ́fítíwíà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kò ní dráífà USB fún Windows 64-bit, Bluetooth tàbí infrared nìkan ló fi ń ṣe HotSync, ìyẹn kíkó nǹkan láti Palm sí kọ̀ǹpútà, níbẹ̀. Èyí tí kò bá ní Bluetooth, Linux ni mo fi ń yanjú rẹ̀. Dráífà tí wọ́n ń pè ní visor wà nínú Linux, sọ́fítíwíà J-Pilot á sì kó nọ́ńbà jáde. Ẹ ò ní láti ra nǹkan kan, láptọ̀ọ̀pù tó ti bà jẹ́ tán lójú yín ti tó.

Bí èmi bá fẹ́ rà

Bí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kó nǹkan jáde, ẹ ra káàdì, tàbí kí ẹ yá kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ fẹ́ máa lò ó, tí kò sì ní káàdì, Windows 7 Professional 32-bit ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí ẹ sì ní láptọ̀ọ̀pù mìíràn fún báńkì. Bó bá jẹ́ pé kan ṣoṣo lapá yín ká, ẹ ra Windows 11 oní-Intel tàbí AMD, 8GB, kí ẹ wá ẹni tó máa tún inú rẹ̀ ṣe.

Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ mú ẹ̀rọ ọwọ́ àti wáyà rẹ̀ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí bátìrì rẹ̀ kún. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó níṣojú yín, kí ó kó fáìlì kan jáde, kí ó sì ṣí fáìlì náà. Bó bá ní "ẹ lọ, á ṣiṣẹ́ tí ẹ bá délé", ẹ kí i pé ó káre, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Sọ̀fẹ́yọ̀ mi padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ti bó ọ̀rá ojú láptọ̀ọ̀pù, ó ń fi ya àwòrán ilẹ̀. Káàdì 2GB mìíràn ló wá béèrè, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Obantoko náà ní Juno.