Ọ̀pá Oníyẹ̀ẹ́ fún Ológbò Tó Ń Géni Jẹ
Mo ra ọ̀pá ìṣeré tí wọ́n fi okùn so ìyẹ́ mọ́ lórí fún ọmọ ológbò mi, nítorí pé ọwọ́ mi ni ó máa ń gé jẹ nígbàkigbà tí a bá ń ṣeré. Ọdẹ ni ológbò, ohun tó bá ń mira níwájú rẹ̀ ni yóò fò mọ́, ìka ọwọ́ ni èmi sì fi kọ́ ọ. Ọ̀pá náà gùn dáadáa, eyín rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Àmọ́ okùn rẹ̀ tínrín jù: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e pamọ́ lẹ́yìn eré, torí okùn tí ológbò bá gbé mì lè ṣe ìfun rẹ̀ léṣe. Bí ó bá ṣì gé mi jẹ, n kì í nà án. Mo máa ń dá eré dúró ni.